Ẹ̀kọ́ tí Tòlótòló Ìgbẹ́ Kọ́ Mi Nípa Ọta tí Kì í Ṣe Òjé

Nígbà tí mo kó dé California, inú mi kò dùn rárá sí òfin tí ó ní láti oṣù Keje ọdún 2019, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọta òjé ṣọdẹ ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà mọ́. Òjé nọ́ńbà 6 ni mo ti ń lò níbi tí mo ti wá, nítorí náà mo ra irin nọ́ńbà 6, torí pé òun ni owó rẹ̀ kéré jù lórí àtẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin, akọ tòlótòló kan yọ sí mi ní nǹkan bí 40 yáàdì. Mo yìnbọn, ó ṣubú, ó tún dìde, ó sì sá wọ igbó. Mo wá a títí oòrùn fi kan àtàrí, n kò sì rí i.

Mo ti rò pé nọ́ńbà ni ó ń pa ẹran. Bí hóró ọta ṣe tóbi tó nìkan ni nọ́ńbà ń sọ; ìwúwo ni ó ń gbé e wọlé. Bí òjé bá wọn gíráàmù 11.3, irin tí ó bá a dọ́gba ní títóbi kò ní ju nǹkan bí 7.8 lọ, afẹ́fẹ́ a sì tètè gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò bá lo irin ní láti mú hóró tí ó tóbi sí i, ìyẹn nọ́ńbà 4 dípò 6 (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni hóró ṣe ń tóbi sí), kí ó sì ní sùúrù kí ẹyẹ náà fi súnmọ́ ọn tó 30 yáàdì.

Bismuth, tí ó jẹ́ gíráàmù 9.6 ní ìwọ̀n kan náà, ni mo ń lò báyìí, nítorí pé ó rọ̀, kò sì ní ba ọ̀pá ìbọn àtijọ́ tí a kò ṣe fún irin jẹ́. Tungsten tí wọ́n ń pè ní TSS wúwo ju òjé pàápàá lọ: ó tó gíráàmù 18, hóró rẹ̀ nọ́ńbà 9 tí ó rí wínníwínní sì lè ṣe iṣẹ́ òjé nọ́ńbà 5. Ṣùgbọ́n ẹyọ kátíríìjì kan lè ju dọ́là 10 lọ, àpò tèmi kò sì gbà á.

Èyí tí ó wù kí ẹ rà, ẹ kọ́kọ́ yìn ín sí bébà. Ẹ fa òbìrípo tí ó fẹ̀ ní íǹsì 10, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 20 yáàdì, kí ẹ sì máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ibi tí hóró tí ó wọ inú rẹ̀ bá ti dín ní 100, ẹ má ṣe yìnbọn sí tòlótòló kọjá ibẹ̀, nítorí orí àti ọrùn rẹ̀ nìkan ni a ń fojú sùn. Choke ni ohun tí a ń fi sí ẹnu ìbọn láti kó ọta jọ; èyí tí ó há jù lọ nínú àwọn tí mo ní fọ́n ọta káàkiri ju èyí tí ó tẹ̀ lé e lọ, ohun tí n kì bá tí gbà gbọ́ bí kò bá ṣe pé mo fi ojú mi kà á.

Mo ti dẹ́kun bíbínú sí òfin náà. Igún ńlá tí a ń pè ní condor ń jẹ òjé nínú òkú ẹran tí ọdẹ fi sílẹ̀, májèlé sì ni òjé. Ní 1987, 27 péré ni ó kù láyé, inú àgò ni gbogbo wọn sì wà. Àwọn ọmọ mi náà ń jẹ nínú ẹran tí mo bá pa.

Irin lè fọ́ eyín, nítorí náà òòfà ni mo fi máa ń wá a nínú ẹran àyà kí ó tó wọ ìkòkò. Òòfà kì í fa bismuth. Ìka ọwọ́ ni mo fi ń wá ìyẹn.