Ihò ni kẹ́ ẹ ṣe fún un, kì í ṣe oòrùn: ere kékeré nínú òtútù ìlú òyìnbó

Ejò tí wọ́n ń pè ní royal python nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ball python, ọmọ ilé wa ni. Ó wà láti Senegal títí dé Ùgáńdà, Tógò, Benin àti Gánà sì ni wọ́n ti ń kó o ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ sókè òkun. Ere ni, àmọ́ kì í gùn tó ere inú igbó ńlá: àgbà rẹ̀ kì í sábàá ju mítà kan àbọ̀ lọ. Ó lè lo 20 sí 30 ọdún lọ́wọ́ ẹni.

Ẹni tó bá rí i nínú àpótí onígíláàsì ní London á ní, “Ẹranko ilẹ̀ olóoru ni, ẹ ṣáà máa dáná fún un.” Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ere yìí kì í jáde yá oòrùn lọ́sàn-án. Inú ihò eku àti inú ògán ló ń sùn sí, ó di alẹ́ kó tó jáde. Kódà nígbà ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa ń là, inú ihò yẹn ṣì rin díẹ̀, ó ṣókùnkùn, ó sì há mọ́ ọn lára. Ohun tí mo kọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀ nìyẹn: ihò ni ká ṣe fún un.

Kẹ́ ẹ tó lọ gbé e wálé, híítà àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti máa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Èmi fẹ́ràn ọ̀sẹ̀ kan, torí ohun tí tẹmómítà bá sọ lọ́sàn-án yàtọ̀ sí ohun tó máa sọ láago mẹ́ta òru. Fún àgbà, kí àpótí gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà, kó fẹ̀ ní 60, kó ga ní 60. Ẹ̀gbẹ́ kan á gbóná dé 30 sí 32°C, ẹ̀gbẹ́ kejì á wà ní 25 sí 27. Lóru, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ sísàlẹ̀ 24. Ejò kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe. Ńṣe ló ń wọ́ láti ibi gbígbóná lọ síbi tútù títí ara á fi tù ú, ìdí nìyẹn tí ooru kò fi gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú àpótí.

Ẹ má tan híítà kankan láìsí thermostat, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pa híítà tó sì ń tàn án kí ooru má bàa kọjá ibi tẹ́ ẹ fi í sí. Ẹ sì wo wáyà tinrin tí thermostat fi ń tọ́ ooru wò dáadáa, torí òun ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí ejò bá tì í bọ́ sínú abọ́ omi, thermostat máa rò pé òtútù mú, á jẹ́ kí híítà máa jó lọ títí ikùn ejò á fi bó. Okùn ike ni kẹ́ ẹ fi dè é mọ́lẹ̀. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù láéláé nínú àpótí ejò: ó ń lẹ̀ mọ́ ìpẹ́, ẹni tó bá ń já a ń já awọ pẹ̀lú rẹ̀. Híítà tó bá wà nínú àpótí gbọ́dọ̀ ní àgò onírin, torí ejò máa lọ́ mọ́ nǹkan gbígbóná títí á fi jóná, kò ní mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ sún kúrò. Tẹmómítà olójú róbótó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, irọ́ ló ń pa. Ẹ ra oní-nọ́ńbà méjì, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ibi ìsápamọ́ méjì ló nílò, ọ̀kan níbi gbígbóná, ọ̀kan níbi tútù, kí àwọn méjèèjì jọra. Bó bá ká jọ sínú rẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ gbé síbi tútù, ejò máa yan ìsápamọ́ ju ooru lọ, á jókòó sínú òtútù, oúnjẹ kò ní dà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà á bì í. Ike tẹ́ ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ tẹ́ ẹ lu ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń ṣiṣẹ́ bíi tọlọ́wó gọbọi tí wọ́n ń tà. Ẹ fi páálí bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta gíláàsì náà pẹ̀lú.

Ọ̀rinrin gan-an ni ìlú òyìnbó fi yàtọ̀. Tí wọ́n bá tan iná tó ń mú ilé gbóná nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ inú yàrá á gbẹ bí tọyẹ́, mítà ọ̀rinrin lè bọ́ sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ere yìí ń fẹ́ 60 sí 70. Èèpo àgbọn lílọ̀ ni mo fi ń tẹ́ ilẹ̀ àpótí, kó jìn tó 7 tàbí 8 sẹ̀ǹtímítà. Igun ni mo ń da omi sí, kí ìsàlẹ̀ rin, kí òkè gbẹ. Ẹ bù ú láti ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ fún un lọ́wọ́: kó rí bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ jáde tí wọn ò tíì yan, kó lẹ̀ mọ́ra àmọ́ kó má kán. Àwọn tó ń fín omi láàárọ̀ lálẹ́ ń ṣiṣẹ́ lásán. Ojú ilẹ̀ ló ń tutù, á tún gbẹ kí wákàtí kan tó pé, bó bá sì ń tutù ṣáá, ìpẹ́ abẹ́ ikùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Bí ìdérí bá jẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi fóìlì bo ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ẹ má lo ìfágì igi cedar, òórùn rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró ejò jẹ́. Ẹ má sì gbé àpótí sítòsí fèrèsé.

Ní ti ìrìn àjò, ẹ má fún un lóúnjẹ fún ọjọ́ márùn-ún sí méje ṣáájú. Ẹ gbé e sínú àpò ìrọ̀rí òwú, ẹ di ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sínú àpótí fóòmù tẹ́ ẹ dá ihò kéékèèké sí. Kí ọkọ̀ ti gbóná kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé. Ẹni tó bá rò pé òun á kó o sínú àpò láti Lomé tàbí Cotonou, kó jáwọ́: ó wà nínú Àfikún Kejì CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ẹnubodè láìní ìwé àṣẹ. Ẹ ra èyí tí wọ́n bí sínú ilé. Èyí tí wọ́n mú nínú igbó sábà máa ń ní aràn àti kòkòrò ara, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní jẹun. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ gbé àpò náà sínú àpótí, ẹ tú ẹnu rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ jáde. Ẹ má fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi nìkan ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀. Ẹ má gbé e fún àlejò. Ẹ̀rù ló ń bà á tó bá ká jọ bíi bọ́ọ̀lù tó fi orí pamọ́ sáàárín, kì í ṣe pé ó ń bínú. Èyí kan náà ni ere tẹ́ńpìlì Ouidah ní Benin, tó ń jáde lálẹ́ wọ ilé onílé, táwọn aráàlú ń rọra gbé padà. Ìwà pẹ̀lẹ́ wà lára rẹ̀, ẹ ṣáà fún un láyè.

Láti ọjọ́ keje ni kẹ́ ẹ dán oúnjẹ wò, lálẹ́. Eku tó ti dì ni, kó má tóbi ju ibi tí ejò náà sanra jù lọ. Ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú fíríìjì mọ́jú, lẹ́yìn náà ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ rì í sínú omi gbígbóná títí ara rẹ̀ á fi dé bíi 38°C. Maikirowéfù á sè é níhìn-ín, á fi ọ̀hún tútù, nígbà míì á bẹ́. Ẹ fi ẹ̀mú gígùn nà án sí i. Bí kò bá jẹ ẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ dà á nù, ẹ dúró fún ọjọ́ méje. Ìkánjú ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi eku hàn án lójoojúmọ́, ejò náà á wá kórìíra eku. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á bóyá eku kékeré (mouse) tàbí eku ńlá (rat) ló mọ̀, torí èyí tó dàgbà sórí ọ̀kan lè má ka ìkejì sí oúnjẹ. Tó bá ti jẹun, ẹ má fọwọ́ kàn án fún wákàtí 48. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ọjọ́ 14, ẹ yẹ ooru wò, kẹ́ ẹ tó fún un ní èyí tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná lọ́sẹ̀ méjìméjì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àgbà tára rẹ̀ le lè gbààwẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Tó bá ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ lọ, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko tó mọ ejò.

Bí ojú rẹ̀ bá ṣe bàìbàì bí omi ògì, ó fẹ́ bọ́ awọ ni, ẹ fi í sílẹ̀. Awọ yẹn yẹ kó jáde lódidi. Tó bá já wẹ́wẹ́, ọ̀rinrin ló kéré. Bí ti ojú bá ṣẹ́ kù, ẹ má fi nǹkan ṣín in jáde.

Bó bá ń la ẹnu mí, tí ìró ń jáde bíi fèrè, tí itọ́ ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ká fi ooru kún ooru. Tẹ́ ẹ bá rí kòkòrò dúdú bíńtín bí orí abẹ́rẹ́ nínú omi rẹ̀, ara rẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ejò mìíràn nílé, yàrá ọ̀tọ̀ ni fún 90 ọjọ́, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ láàárín àwọn méjèèjì.

Tí iná bá lọ nígbà òtútù, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àpótí, ẹ fi aṣọ wé ìgò omi gbígbóná, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wákàtí díẹ̀ ní 21°C kò ní pa á. Ẹ ṣáà má fún un lóúnjẹ títí iná á fi dé.