Gáàsì inú ike PLA
PLA, ike tí wọ́n ń fi àgbàdo tàbí ìrèké ṣe, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí 60°C. Ṣùgbọ́n tí CO₂, gáàsì tí à ń mí síta, bá ti yòrò sínú rẹ̀, á rọ̀ kí ooru tó débẹ̀. Tí ẹ bá tú gáàsì náà sílẹ̀ lójijì, ike á wú bíi búrẹ́dì: ó dáa fún fóòmù, ó ba ṣíbí jẹ́.

Ní Ìkòródù, létí ọ̀sà, ọ̀rinrin gan-an lọ̀tá. Tí ike bá ń yọ́ nínú iná, omi ń gé àwọn okùn tín-ín-tín tó para pọ̀ di ike náà, á wá ṣàn bí omi ẹ̀kọ. Ẹ sá hóró rẹ̀ sínú ẹ̀rọ agbẹ-nǹkan ní 80°C fún wákàtí 4, kí omi má ju 0.025% lọ. Ṣùgbọ́n hóró tó mọ́ gaara bíi gíláàsì á lẹ̀ mọ́ra ní 80°C o. 45°C ni tirẹ̀, kó sì pẹ́ dáadáa.