Òkúta tí kò ní ìwé orúkọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ìkójọ alùmọ́ọ́nì

Ẹ̀yin àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó òkúta alùmọ́ọ́nì jọ, bébà pélébé tó máa ń wà lábẹ́ òkúta ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá yín sọ, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ yín ń fojú tín-ín-rín. Ẹ gbé tourmaline pupa, òkúta iyebíye kan, tó gùn tó ìka ọwọ́ síwájú àwọn àgbà tó mọ̀ nípa òkúta. Wọn kò ní kọ́kọ́ bèèrè iye tí ẹ rà á. Wọ́n á ní, "Níbo ló ti jáde?" Ẹni tó bá ní "Nàìjíríà" kò tíì dáhùn. Ẹni tó bá ní "Ìbàdàn" náà kò tíì dáhùn, torí ibi tí wọ́n ti ń tà á ni Ìbàdàn. Ẹrù tó ń dé ọjà òkúta ní Òjòó kì í ṣe láti oko kan ṣoṣo, bí ọjà sì ti ń gba ọwọ́ dé ọwọ́ ni orúkọ kùsà ń sọnù lójú ọ̀nà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òkúta náà rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé orúkọ rèé: orúkọ òkúta, kùsà tàbí oko tí wọ́n ti wà á, abúlé, ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀, oṣù àti ọdún tó dé ọwọ́ yín, ẹni tó tà á, ìwọ̀n rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, àti nọ́ńbà. Bó bá jẹ́ ẹnu olówò nìkan lẹ ti gbọ́ ibi tó ti wá, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "olówò ní láti Komu ni." Ẹ má sọ ìfura di òdodo, nítorí ẹni tó bá gba òkúta náà lọ́wọ́ yín lọ́la kò ní mọ̀ pé ìfura ni. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, tàbí tàdáwà dúdú tí kì í ṣí. Bírò máa ń ṣá, omi sì máa ń tú u.

Bébà a máa ya òkúta sílẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà lára òkúta fúnra rẹ̀. Ẹ wá ibi tí ojú kì í dé nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ibi kékeré tí kò ju mílímítà 5 lọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi tàdáwà kọ nọ́ńbà sí i, kí ẹ wá fi Paraloid B-72 (oje ike tí kò ní àwọ̀) tí a pò pẹ̀lú acetone (omi tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà èékánná) bò ó. Ìdí tí a fi ń lo B-72 ni pé acetone tún lè yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ iwájú láìpa òkúta lára. Nọ́ńbà kan náà ni kó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Bí òkúta bá bá ìwé orúkọ àtijọ́ wá, bó ti wù kí àṣìṣe inú rẹ̀ pọ̀ tó, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ kọ tiyín, kí ẹ fi ti àtijọ́ sí abẹ́ rẹ̀.

Ó kan àwọn òkúta tí mo máa ń gbé jáde bí mo bá fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni.

Tourmaline ni mo fẹ́ràn jù, tiwa sì ni. Ní 1998 ni wọ́n rí èyí tó pupa tó sì pọ̀ lọ́nà àrà ní àgbègbè Ìbàdàn. Ní 2001 ni wọ́n tún rí èyí tí bàbà wà nínú rẹ̀ ní Edeko, irú èyí tí ayé ti kọ́kọ́ mọ̀ láti Paraíba ní Brazil lọ́dún 1989. Kò yẹ kó yà yín lẹ́nu pé irú kan náà jáde ní Nàìjíríà àti Brazil: kí òkun Àtìláńtíìkì tó là sáàárín, ilẹ̀ méjèèjì so pọ̀, àwọn àpáta tó bí òkúta wọ̀nyí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀: ẹ fi ọwọ́ yí i. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń wà lára rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ti quartz, òkúta tó wọ́pọ̀ tó máa ń mọ́ bí dígí, yàtọ̀, òun a máa gba ìbú. Bí ẹ bá wo tourmaline láti orí, ẹ ó rí i pé ó ní igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ wọn wú díẹ̀. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: àwọ̀ tí ẹ rí láti ẹ̀gbẹ́ máa ń fúyẹ́ ju èyí tí ẹ rí láti orí lọ, àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń dúdú pátápátá bí ẹ bá wò wọ́n láti orí. Ní ti bàbà, ojú lásán kò lè rí i. Irin náà ń sọ tourmaline di búlúù, nítorí náà bí olówò bá na òkúta búlúù sí yín tó ní bàbà wà nínú rẹ̀, ìwé àyẹ̀wò láti ilé ìṣàyẹ̀wò òkúta nìkan ni kí ẹ gbà gbọ́.

Tourmaline kì í fẹ́ ìdààmú. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ilẹ̀ tútù, bí ẹ bá gbé e sójú oòrùn ọ̀sán lójijì, ó lè sán sí méjì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ fi bébà ìròyìn tó tutù wé e, ẹ gbé e sí ibòji, kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá ṣì wà lára àpáta, ẹ má fi òòlù lu nítòsí rẹ̀. Àpáta tó yí i ká ni kí ẹ máa gbẹ́ kúrò láti ọ̀nà jíjìn, kí ẹ sì gbé òun àti àpáta jáde pọ̀. Òkúta tó ṣì jókòó lórí ìyá rẹ̀ níyì ju èyí tó dá wà lọ, bó tilẹ̀ kéré jù ú.

Nítorí pé ó máa ń ṣẹ́, ọ̀pọ̀ tourmaline tó gùn ni wọ́n ti lẹ̀ padà. Lílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, fífi pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ mú lẹ́ǹsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, kí ẹ tẹ̀ lé ìlà ara rẹ̀ láti ìdí lọ sókè. Ibi tí ìlà ti yà kúrò lójú ọ̀nà, tí ẹ sì rí ìfófó róbótó bíi ti ọṣẹ nínú ìlà tó là á já, gọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì UV (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí) ti 365 nm sí i: ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù máa ń tàn funfun tàbí búlúù. Àwọn kan kì í tàn rárá, nítorí náà ẹ má fi tọ́ọ̀ṣì nìkan ṣe ẹ̀rí.

Topaz láti òkè Jos ni kejì. Èyí tí kò ní àwọ̀ máa ń jọ quartz débi pé àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ń ṣì wọ́n mú fún ara wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kì í purọ́. Ohun tí ẹ nílò ni ìwọ̀n oní-nọ́ńbà tó lè ka gíráàmù dé 0.1 tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀, ife omi kan, àti òwú tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wọn òkúta ní gbígbẹ, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé ife omi sórí ìwọ̀n, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo. Ẹ fi òwú so òkúta, kí ẹ rì í sínú omi pátápátá láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife, ẹ̀yin sì ni kí ẹ di òwú náà mú. Iye tí ìwọ̀n bá kà ni kí ẹ fi pín iye ti gbígbẹ. Bí òkúta bá jẹ́ gíráàmù 35.3 ní gbígbẹ, tí ìwọ̀n kà 10 nínú omi, 3.53 nìyẹn, topaz ni. Quartz máa ń jẹ́ 2.65, beryl tó 2.7, tourmaline láàárín 3.0 sí 3.2, cassiterite (òkúta tí wọ́n ti ń yọ tánńganran) sún mọ́ 7.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́: ìfófó afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ òkúta máa ń sọ ọ́ di fífúyẹ́, nítorí náà ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sínú omi, kí ẹ mi òkúta náà. Òkúta tí kò tó gíráàmù 2 kéré jù fún ìwọ̀n ilé ìdáná. Èyí tí àpáta mìíràn sì lẹ̀ mọ́, iye àdàlù lẹ máa rí, kì í ṣe tirẹ̀.

Topaz le gan-an, 8 ni lórí òṣùwọ̀n líle òkúta tí wọ́n ń pè ní Mohs, àmọ́ líle kò sọ pé kò ní fọ́. Ó ní ojú ọ̀nà kan tó gba ìbú rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ló sì máa ń là gbọrọgbọ bí igi tí àáké bá. Bí ẹ bá rí àwọ̀ òṣùmàrè tínrín nínú rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í là nìyẹn. Ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọ̀ tó ń gbọ̀n, ẹ má sì ti inú omi gbígbóná gbé e sínú omi tútù. Fluorite, òkúta mìíràn, náà rí bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà mẹ́rin sì ni tirẹ̀.

Cassiterite àti columbite, dúdú ni méjèèjì, wọ́n wúwo, Jos sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá. Ẹ fọ́ èérún kékeré kan, kí ẹ fi lọ ẹ̀yìn táìlì ilé ìwẹ̀, apá tí kò dán. Ìyẹ̀fun cassiterite máa ń funfun tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ti columbite a máa dúdú tàbí kó pọ́n bí kọfí. Ìṣẹ́jú kan ni iṣẹ́ náà ń gbà.

Galena láti agbègbè Abakaliki ni mo fi ń kọ́ni nípa ìmọ́tótó. Ẹ wò ó dáadáa: igun mẹ́rin mẹ́rin tó ń dán bí dígí ìwojú, ó wúwo ju bí ojú ti rí i lọ, ó tó 7.5 bí ẹ bá wọ̀n ọ́ nínú omi bí ti topaz. Tìróò tí àwọn ìyá wa ń lé sójú ni. Òjé sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀: nínú galena tó mọ́, ó lé ní ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2010 ní Zamfara, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ló kú nítorí ìyẹ̀fun òjé tó jáde láti inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé láti fi wá góòlù. Òkúta tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú àpótí kò ní pa yín. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ló léwu. Nítorí náà, ẹ má gé e, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má fi ahọ́n kàn án, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò dé. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lé e sójú ọmọ ọwọ́, ẹnikẹ́ni tí ì báà sọ pé àṣà ni.

Ní ti fífọ̀, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀ ti tó fún ìdajì àwọn òkúta tí ẹ máa ní. Ìdógùn-ún irin pupa tó lẹ̀ mọ́ quartz àti tourmaline ni oxalic acid, ásíìdì kan tó jẹ́ ìyẹ̀fun, wà fún. Ẹ da lítà omi 4 sínú garawa ike, kì í ṣe ti irin, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ bo imú, kí ẹ wá da gíráàmù 100 ìyẹ̀fun náà sínú omi, kí ẹ rò ó títí yóò fi yọ́. Omi òjò ni kí ẹ lò, tàbí omi tí wọ́n ti yọ èròjà inú rẹ̀. Kálísíọ́ọ̀mù tó wà nínú omi kànga máa ń para pọ̀ mọ́ oxalic acid, á sì lẹ̀ mọ́ òkúta bí ẹ̀fun tí ẹ kò ní rí yọ. Ẹ fi òkúta sílẹ̀ nínú rẹ̀ láti òru kan títí dé ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ máa pààrọ̀ omi. Ẹni tó bá yára yọ ọ́ á rí àwọ̀ yẹ́lò tó ń yọ jáde láti inú àlàfo ara rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Òkúta bíi calcite, malachite àti azurite kò gbọ́dọ̀ dé inú omi oxalic acid yìí, á jẹ wọ́n run. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá calcite wà lára àpáta, ẹ ha ìyẹ̀fun díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, bó bá hó, ẹ dáwọ́ dúró. Májèlé ni omi oxalic acid náà, ẹ má gbé e kaná nínú ilé, ẹ má sì rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu láé.

Ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin ló kù. Amethyst, quartz aláwọ̀ àlùkò, tó bá ń wà lójú fèrèsé máa ń ṣá, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í padà. Kunzite, òkúta aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, máa ń yára ṣá jù ú lọ. Pyrite, òkúta tó ń dán bíi góòlù, ní tirẹ̀ máa ń ṣàìsàn nínú ọ̀rinrin: ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun tàbí yẹ́lò lára rẹ̀, òórùn imí ọjọ́ á máa jáde, bébà abẹ́ rẹ̀ á pọ́n, á sì jẹ ihò, torí ásíìdì ló ń sun jáde. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kíá kó má ba àwọn yòókù jẹ́. Fífi òróró tàbí fáníìṣì bò ó kò wò ó sàn. Àpótí tó dé pa pẹ̀lú àpò silica gel, irú èyí tó ń wà nínú páálí bàtà, ni kí ẹ fi í sí, pàápàá láti oṣù kẹrin sí ìkẹwàá ní ìhà gúúsù.

Ẹ má wọ kùsà tí wọ́n ti pa tì lákòókò òjò, ògiri rẹ̀ kì í kìlọ̀ kó tó wó. Ẹ sì rántí pé lábẹ́ òfin alùmọ́ọ́nì ti 2007, ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun tó wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ kùsà àti lọ́wọ́ onílẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi èyí tí ẹ fẹ́ràn jù han àwọn ẹlòmíràn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lórí aṣọ aláwọ̀ eérú, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan kí ìlà ara rẹ̀ lè hàn, kí rúlà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ya iwájú, ẹ ya ẹ̀yìn, ẹ ya ibi tó ṣẹ́. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà kún àwọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé orúkọ sábẹ́ fọ́tò náà, àti ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́, àti ohun tí a fi fọ̀ ọ́.