Ìnspẹ́ṣọ̀n méjì fún ilé kan ṣoṣo

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì l'Amẹ́ríkà pè mí lánàá, èmi wà ní Pánṣẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta nínú gò-síló, ó ní ó ti sú òun. Ilé ìtọ́jú àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń ṣiṣẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín, VA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, tí ilé náà bá tún ń gba owó Medicare àbí Medicaid, ìyẹn owó ìtọ́jú tí ìjọba ń san fún àwọn àgbà àti àwọn tí ò rí já jẹ, ìnspẹ́ṣọ̀n ti CMS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó owó yẹn, náà á tún dé, fáìlì kan náà, kíṣìnì kan náà, ìbéèrè kan náà. Nọ́ọ̀sì tó yẹ kó máa yí bàbá tí ò lè dìde padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má bàa yọ sí i nídìí, ìwé ló ń wá kiri. Ṣé wọn ò lè jọ wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni? Mi ò ní kí wọ́n má wá o, àwọn tó ń fìyà jẹ arúgbó ò tíì tán láyé, kódà kí wọ́n má sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ rárá. Àwọn sójà àgbà tiwa l'ádùúgbò bárékè Àlámàlà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn, ọmọ ló ń tọ́jú wọn nílé, kò sẹ́ni tó ń wá yẹ nǹkankan wò níbẹ̀.