Ẹṣin ló pa ọba lálẹ́ àná o!

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi ṣì ń dùn dé báyìí. Puzzle chess kan ló yọ síwájú mi lórí fóònù, funfun ló máa ta. Ọba dúdú wà ní g8 (lẹ́tà ni òpó, nọ́ńbà ni ìlà lórí bọ́ọ̀dù), rook ẹ̀, ìyẹn èyí tó máa ń rìn gbọọrọ, wà ní d8, pawn ẹ̀ méjì, àwọn ọmọ ogun kéékèèké, dúró ní g7 àti h7. Ayaba mi wà ní c2, ẹṣin mi ní g5. Ojú èèyàn á kọ́kọ́ lọ sí h7, àmọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́, ọba á kàn yọ́ bọ́ sí f8 ni.

Mo wá gbé ayaba lọ c4, check, ìyẹn ni pé mo dojú ìjà kọ ọba! Tó bá sá lọ f8, f7 ni màá ti pa á, torí náà ó wọ h8. Ẹṣin fò sí f7, ọba padà sí g8, ẹṣin tún fò sí h6. Haa, ibí yìí ló dùn jù! Pawn g7 ìbá jẹ ẹṣin yẹn àmọ́ ayaba náà ń ṣe check láti c4, check méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àfi kí ọba fúnra ẹ̀ sá, ló bá tún wọ h8. Ni mo bá fi ayaba mi odidi tọrẹ ní g8! Ọba ò lè jẹ ẹ́, ẹṣin ń ṣọ́ ibẹ̀, rook ló jẹ ẹ́, bó ṣe jẹ ẹ́ báyìí ló dí ọ̀nà mọ́ ọba ẹ̀, ẹṣin padà sí f7, ó parí!

Smothered mate nìyẹn, pé kí ẹṣin pa ọba táwọn èèyàn ẹ̀ fúnra wọn ti há mọ́, òǹkọ̀wé chess kan tó ń jẹ́ Lucena ti kọ ọ́ sínú ìwé ní Sípéènì látọdún 1497. Ó ti pẹ́ gan-an, síbẹ̀ ó ṣì ń dùn mọ́ mi. Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀dù nítòsí, ẹ tò ó síbẹ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ta á.