Aṣọ tí wọ́n kọ PRESS sí

Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwa oníròyìn tó ń lọ sójú ogun, wọ́n ní kí n di itan ẹnìkejì mi bíi ti ẹni tí ìbọn bà. Mo fa ọ̀já náà títí, olùkọ́ ní kò tíì le tó, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà. Ó tún ní kí n kọ aago tí mo dì í sára ọ̀já. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, eré lásán sì ni o! PRESS wà gàdàgbà láyà ẹ̀wù mi. Irú ẹ̀ ló wà lọ́rùn Shireen Abu Akleh, oníròyìn Al Jazeera, ní Jenin nílẹ̀ Palestine lọ́dún 2022 tí ọta ìbọn fi bà á lórí. Òfin ogun àgbáyé ọdún 1977 ní ará ìlú ni oníròyìn, kì í ṣe ológun. Ta ni yóò kà á fún ẹni tó gbé ìbọn? Ọ̀la ni ẹ̀kọ́ bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀.