Sẹ́ẹ̀lì 3,500 Nínú Etí Kan

Ọjọ́bọ̀

Síláìdì etí ni mo gbé kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lónìí. Nínú gbogbo ohun tí a máa ń fi hàn wọ́n lábẹ́ máíkírósíkóòpù, òun ló máa ń gba àsìkò jù lọ́wọ́ mi, torí pé inú egungun tó le jù nínú ara ni ẹ̀yà ìgbọ́ràn sá pamọ́ sí. Kò sí abẹ tó lè gé egungun yẹn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo ní láti kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú oògùn tó ń fa kálísíọ́ọ̀mù kúrò lára rẹ̀, kí n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí yóò fi rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó lè rì í sínú ìda, kí n gé e sí pelebe tí kò nípọn ju máíkírómítà 5 lọ (irun orí èèyàn nípọn jù ú lọ ní bí ìlọ́po mẹ́wàá), kí n sì pa á láró. Ara igi kan tó ń hù ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń yọ aró ọ̀hún. Tó bá mú dáadáa, àárín sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á dúdú, ìyókù á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́.

Etí eku ni, ṣùgbọ́n ètò inú rẹ̀ bá tiwa mu. Ihò mẹ́ta lèèyàn máa kọ́kọ́ rí, tí omi kún inú wọn nígbà tí ẹranko náà wà láàyè. Láàárín wọn ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, orí awọ yìí sì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tò sí ní ìlà mẹ́rin: ìlà kan lápá inú, mẹ́ta lápá òde. Irun wíwúntín dúró ṣánṣán lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Alfonso Corti, ará Ítálì, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ibẹ̀ kúnnákúnná ní 1851, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Würzburg ní Jámánì. Àwọ̀ pupa tí wọ́n ń yọ lára kòkòrò ló fi pa á láró. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ pátápátá, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ẹ̀yà yìí títí dòní. Ẹnu máa ń yà mí nígbàkígbà tí mo bá rántí irú awò tí wọ́n ní láyé ìgbà yẹn. Iná mànàmáná ń bẹ lábẹ́ tèmi, síbẹ̀ mo ṣì máa ń fún ojú pọ̀ kí n tó rí àwọn irun náà.

Mo sọ fún àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n má kàn yàwòrán ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n fọkàn yàwòrán bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìró á gbọn ìlù etí, egungun kéékèèké mẹ́ta á gbé ìgbọ̀nrìrì yẹn wọnú omi, omi á gbé awọ sókè sódò, irun orí sẹ́ẹ̀lì á sì tẹ̀. Okùn kan tí ojú lásán kò lè rí ló so orí irun kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó ga jù ú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí irun bá ti tẹ̀, okùn á fà, ẹnu ọ̀nà á ṣí, pọ̀tásíọ́ọ̀mù á ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á sì tú èròjà sí ẹnu iṣan ìmọ̀lára tó fara tì í nísàlẹ̀. Iṣan yẹn ló ń kó ọ̀rọ̀ lọ sí ọpọlọ. Georg von Békésy, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1961, fi hàn pé ibi tí awọ yìí ti máa ń gbé sókè jù kì í ṣe ojú kan náà fún gbogbo ìró. Ìró tín-ín-rín ń gbé e sókè nítòsí ibi tí ìró ti ń wọlé, èyí tó rinlẹ̀ ń lọ títí dé òpin. Gígùn awọ náà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 35 lọ lára èèyàn tí a bá nà án.

Ìlà inú yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Nínú etí èèyàn kan, sẹ́ẹ̀lì tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 3,500. Ìlà mẹ́ta ti òde ní bíi 12,000, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa nà kí wọ́n sì máa súnkì tẹ̀lé ìró, kí ìró kékeré lè di ńlá. Ti inú ló ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣan ìgbọ́ràn bí 30,000 ló so mọ́ wọn. Ẹ wo ojú: sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ẹyinjú kan lé ní mílíọ̀nù 90. Gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ rí láyé, ohùn ìyá mi, oríkì mi, ìwàásù, ìró òjò, ẹnu 3,500 yìí ni gbogbo rẹ̀ gbà, lápá ọ̀tún àti 3,500 mìíràn lápá òsì.

Wọn kì í sì í hù padà. Sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń tọ́ nǹkan wò lórí ahọ́n máa ń pààrọ̀ ara rẹ̀ ní bí ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ti imú náà ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun. Ti etí kú, ó kú nìyẹn. Ní 1988, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà rí i pé òròmọdìyẹ tí ariwo ti pa sẹ́ẹ̀lì etí rẹ̀ ń hu tuntun, torí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dúró ti onírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń pín, wọ́n á sì di onírun. Ọmọbìnrin kan ní iwájú bi mí pé, "Mà, adìyẹ wá sàn jù wá lọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú ọ̀ràn yìí ó sàn jù wá lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń dáhùn. Màmá Alọta ni gbogbo ọjà mọ̀ wọ́n sí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń dúró ti ẹ́ńjìnnì ìlọta, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, etí wọn kò sì jìnnà sí ẹ̀rọ ju ìwọ̀n apá kan lọ. Báyìí, etí wọn ti wúwo. Ibi tó ń gba ìró tín-ín-rín lórí awọ yẹn ni ariwo máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. (Abẹ́rẹ́ gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, tí àwọn èèyàn ń gbà ní kẹ́mísì láìrí dókítà lè ba ibẹ̀ gan-an jẹ́. Ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ bẹ́ẹ̀.) Ohun tí mo kíyè sí lára Màmá ni pé wọn kì í ṣi ohùn ọ̀rọ̀ gbọ́. Òkè, àárín, ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn, torí pé ìgbọ̀nrìrì bí 100 sí 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń gbé ohùn wa, ìró tó rinlẹ̀ nìyẹn. Kọ́ńsónáǹtì ló ń sọnù. *F* àti *s* wà lókè réré, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Lọ́jọ́ Àìkú mo bi wọ́n lórí fóònù nípa owó ilé ìwé ọmọ kan: "Ṣé ẹ ti fún un?" Wọ́n ní, "Sún kí ni? Kò sí ohun tí mo sún o." Bí ẹni ń gbọ́ dùndún láti òdìkejì ìlú ni wọ́n ń gbọ́ wa, wọ́n sì ń fi ọgbọ́n àgbà wá ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Abájọ tí àwọn àlejò kì í fi í tètè mọ̀ pé etí wọn ń di.

Mo gba ọjà kọjá ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ọmọkùnrin tó ń bá wọn lọ ata báyìí ní etí òun máa ń hó lálẹ́, ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá mọ́ ó ti lọ, kò sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà mí ju bó ṣe rò lọ. Ní 2009, Sharon Kujawa àti Charles Liberman ní Boston jẹ́ kí eku gbọ́ ariwo fún ìwọ̀nba àkókò. Nígbà tí wọ́n tún yẹ etí eku náà wò, ó ti ń gbọ́ ìró kékeré padà, sẹ́ẹ̀lì onírun sì wà níbẹ̀ digbí. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì àti iṣan ti pàdé ló ti já: ní apá kan, bí ìdajì ojúko yẹn ti parẹ́, kò sì padà. Etí tó "sàn" láàárọ̀ lè ti pàdánù nǹkan tí kò sí ìdánwò lásán tó máa fi hàn.

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí èèyàn má kọjá dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe pọ̀ tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, àti pé bí ìró bá fi 3 lé sí i, ìdajì àsìkò yẹn ló kù. Kò sí ohun tí a lè fi wọn ariwo lọ́wọ́ wa. Àmọ́ bí ẹni méjì tó súnmọ́ra bá ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ra, ó ti kọjá ààlà. Mo yọ fóòmù ìdí-etí tí mo rà láti kẹ́mísì.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá dí etí, báwo ni mo ṣe máa gbọ́ oníbàárà?"

Mo ní nínú ariwo tó bẹ́ẹ̀, fóòmù á dín ẹ̀rọ kù, á dín ohùn oníbàárà kù bákan náà, ẹni tí etí rẹ̀ ṣì dá á sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Kò gbà mí gbọ́ tán. Ó fi ọ̀kan sí etí tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì, ó ní òun á máa lo ìyẹn ná. Mo fi ìyókù páálí náà sílẹ̀ fún un. Màá padà lọ wò ó ní ọjọ́ ọjà, kí n tó mú Màmá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ etí wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.